Fèrèsé, Ẹyẹ àti Orin Ògì

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025. Àkúrẹ́

Arúgbó tún gan. Mo tàn án láàárọ̀, mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, mo padà dé — ó ṣì ń yí róbótó rẹ̀ lójú mi. Irú láptọ́ọ̀pù wo nìyí! Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe àgùnbánirọ̀ ló ti wà lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Arúgbó. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo tún fẹ́ jù ú síta láti ojú fèrèsé.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni, n ò ní bínú. Orin Bàbá Tíṣà ni ìṣòro mi. Bàbá tó bí Màámi, tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì ní Oǹdó láyé ijọ́un, fi èdè Oǹdó ṣe orin méjìlá, kò sì kọ ọ̀kan ṣoṣo sínú ìwé. Màámi nìkan ló kù tó mọ gbogbo wọn tán, Màámi sì ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ìkórè ọdún yìí, 16 Nòfẹ́ńbà, ló máa fi ipò olórí akọrin sílẹ̀. Èmi, ọlọ́yàyà, mo dìde láàárín kúáyà lóṣù tó kọjá, mo ṣèlérí pé lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn á gba orin méjèèjìlá sínú fláàṣì, ní ohùn Màámi gan-an. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu mi yìí! Mi ò tíì rí ẹyọ kan gbà sílẹ̀. Bí mo bá ti ṣí ohun ìgbohùnsílẹ̀ báyìí, Arúgbó á gan pa.

Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà ní kí n fara balẹ̀, pé òun á ra tuntun fún mi ní Dìsẹ́ńbà. Kọ́láwọlé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, tó ń kọ́ wọn ní físíìsì l'Ókìtìpupa. Kò sóhun tó máa gbà gbọ́ láì béèrè pé ẹ̀rí dà. Dìsẹ́ńbà kẹ̀! Ìkórè á ti lọ, Màámi á ti jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó tún gan. Mo bú u. Mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Goodness tó jókòó tì mí ní ọ́fíìsì l'Álágbàka ló júwe Lawrence fún mi, pé ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Árákàlẹ̀. Mo ti rò pé bàbá kan ni. Kì í ṣe bàbá rárá. Ìwé mi, má rẹ́rìn-ín.

Ó tú ẹ̀yìn Arúgbó, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde — eruku tó tó gbin gbàgùdá sí, ojú tì mí. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Windows inú rẹ̀ náà kò burú, àmọ́ ẹrù yẹn ti wúwo ju ohun tí egungun àgbà lè rù lọ. Pé Linux wà, tó fúyẹ́, kí n dán an wò. Mo ní ṣé kì í ṣe èyí tí àwọn tó ń fọ́ báǹkì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò ní yọ Windows kúrò. Á pín inú Arúgbó sí yàrá méjì, ọ̀kan á máa gbé ibí, èkejì á máa gbé ọ̀hún, bí mo bá ti tàn án, á bi mí pé ta ni mo fẹ́. Ilé olórogún! Mo ní kó ṣe é. Ọmọ Àkúrẹ́ gidi ni, "ulé" ló ń pe ilé: "Àǹtí, ṣé ulé lẹ máa gbé e lọ àbí ọ́fíìsì?" Mo gbàgbé ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó ṣí! Ó ṣí! Ó ṣí!

N ò tíì wọ sálúbàtà mi tán tó fi ṣí. Mo pa á. Mo tún tàn án. Ó tún ṣí! Mo ṣí ohun ìgbohùnsílẹ̀ — kò gan. Mo kọrin sí i, ó gbà á, mo gbọ́ ohùn ara mi, ó burú jáì, inú mi dùn. Lawrence lẹ àwòrán ẹyẹ kan mọ́ ọn lára, ẹyẹ dúdú oníkùn funfun tí kì í fò, ó ní àmì Linux nìyẹn. Ẹyẹ ni màá máa pè é. Windows á máa jẹ́ Fèrèsé. Kí ìjà bẹ̀rẹ̀.

Mo pe Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà. "Ẹ̀rí dà?" Mo mọ̀! Ó ní ọ̀la lòun máa wà l'Óǹdó, kí n gbé e wá, kí Màámi ṣe adájọ́. Tí Ẹyẹ ò bá na Fèrèsé ní ànàyí-lulẹ̀, kí n pa ẹnu mọ́, kí n dúró de Dìsẹ́ńbà, kí n lọ bẹ kúáyà. Mo ní mo gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà. Oǹdó

Mo gbé Arúgbó lé itan láti Àkúrẹ́ dé Òkè Lísà. Ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ bi mí l'Ọ́wẹ̀nà pé kí ló wà nínú àpò. Mo ní ẹyẹ ni. Ó sún kúrò.

Kí n kọ ti Orin Ògì sílẹ̀ níbí. Màámi kì í fi aago dáná. Bàbá Tíṣà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí aago ilé wọn kì í ṣiṣẹ́. Orin ló fi ń dáná: ẹyin ní tirẹ̀, ìrẹsì ní tirẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú méjèèjìlá ni Orin Ògì, ẹsẹ mẹ́fà. Ó ti da ògì sórí iná nìyẹn, á máa rò ó, á máa kọrin, bó bá ti ṣe Àmín báyìí, ògì ti jinná, kò ní kókó, kò jóná. Láti kékeré mi, n ò rí i kó tàsé rí. Nítorí náà, nígbà tí Bọ̀dá yọ fóònù jáde pé òun fẹ́ ka ìṣẹ́jú, Màámi ní kó gbé e pa mọ́. Ta ni adájọ́? Orin Ògì lòun máa fi wọ̀n ọ́n, láti ìgbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì títí ohun ìgbohùnsílẹ̀ á fi ṣí.

Fèrèsé ló kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo. Mo tẹ bọ́tìnnì. Màámi dìde dúró, kì í jókòó kọrin láyé ẹ̀, ó gbé e. Ẹsẹ kìn-ín-ní, ẹ̀kejì, Fèrèsé ń yí róbótó. Màámi kọ ọ́ tán pátá, ó ṣe Àmín, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó kọ ẹsẹ mẹ́ta sí i kó tó ṣí. Ẹsẹ mẹ́sàn-án! Bọ̀dá ní ògì yẹn á ti di búrẹ́dì.

Ó kan Ẹyẹ. Ẹsẹ kìn-ín-ní. Ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹta — ó ṣí! Ẹsẹ mẹ́ta gbáko! Mo fò sókè, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáànù. Màámi ń juwọ́ sí mi pé kí n jókòó, òun ò tíì ṣe Àmín.

Àṣé Bọ̀dá ti ń ka ìṣẹ́jú tirẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ó wo fóònù, ó wo Arúgbó, ó gbé ẹnu sókè: ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò tíì di ẹ̀rí. Kí n máa dán àwọn méjèèjì wò ní gbogbo Sátidé tí mo bá wálé, kí Màámi máa wọ̀n ọ́n. Mo ní kò burú. Ó fún mi láyè láti máa fi Ẹyẹ gba orin. Mo borí! Mo borí!

Ọjọ́ Àìkú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìsìn, orin méjì. A bẹ̀rẹ̀ láti orí Orin Ògì fúnra rẹ̀. Ohùn Màámi jáde nínú Arúgbó, ó mọ́ gaara. Àkùkọ Ìyá Ìbùkún ìsàlẹ̀ kọ ní ẹsẹ kẹrin. Màámi dúró, ó bá àkùkọ náà wí, ó padà sórí orin. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ. Ó ní a óò tún un gbà níjọ́ mìíràn, òun ò fẹ́ kí kúáyà máa gbọ́ èébú.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà. Àkúrẹ́

Mo ti di ajíhìnrere. Gbogbo ẹni tó kọjá níwájú tábìlì mi lónìí ni mo wàásù Ẹyẹ fún. Goodness ní òun ò lè gbádùn oúnjẹ ọ̀sán mọ́.

Ká sọ òtítọ́ fún ìwé: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì kọ̀ jálẹ̀, kò dá Ẹyẹ mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo yọ wáyà, mo ki wáyà. Òfo. Mo padà sọ́dọ̀ Fèrèsé, ó pẹ́ kó tó jí, àmọ́ bó ti jí báyìí, ó tẹ̀wé wuuru. Mo ní ẹ ṣé o, ìyáálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà. Oǹdó

Ìròyìn ayọ̀! Ẹyẹ tún yára sí i! Màámi ò tíì dé ìlà tó kẹ́yìn ẹsẹ kẹta tó fi ṣí. Ó wá ya mí lẹ́nu pé Fèrèsé náà gbéra: ẹsẹ mẹ́jọ péré. Owú ń jẹ ẹ́! Ó rí i pé ìyàwó kékeré ti gba ojú ọkọ, ó wá ń sáré. Mo sọ ọ́ fún Màámi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Orin mẹ́ta sí i. Ó di márùn-ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò síná. Bátìrì Arúgbó kò sì lè gbé ara rẹ̀. Èmi àti Màámi jẹ àgbàdo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà. Oǹdó

Òjò lù wá láti Bọ́lọ́rundúró dé ilé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń dùn mí láti inú ẹ̀rín, nítorí: Ẹyẹ, ẹsẹ méjì àbọ̀! Mo ní kí Màámi tún un kọ, bóyá ó ṣì í kà. Ẹsẹ méjì àbọ̀ náà ni! Kí ni Lawrence fi sínú ẹ̀rọ yìí?

Màámi po ògì fún mi bí mo ṣe dé, ìdí ìkòkò jóná. Jóná kẹ̀! Ní ilé Ọmọ Tíṣà! Mo fi ṣe ẹlẹ́yà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní iná gáàsì tuntun yẹn ló le jù. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fi mílíìkì bò ó.

Orin méjì. Ó di méje.

Ọjọ́rú, 1 Ọ̀kútọ́bà. Àkúrẹ́

Ìsinmi òmìnira. Mo ní mo fẹ́ kí Lawrence yẹ Arúgbó wò. Kò sí nǹkan tó ń yẹ̀ wò. A jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, a ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà.

Mo ròyìn fún un: ẹsẹ mẹ́ta, ó di méjì àbọ̀. Ó ní rárá o. Pé ẹ̀rọ kì í dá yára sí i fúnra rẹ̀, ńṣe ló máa ń lọ́ra bó bá ṣe ń pẹ́. Mo ní tèmi ń yára. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní kó wá wo Màámi kó bi í léèrè. Ó ní òun á wá. Ó ní òun á wá! Bọ̀ọ̀lì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Ọ̀kútọ́bà. Oǹdó

Ẹsẹ méjì. MÉJÌ. Fèrèsé, ẹsẹ mẹ́fà pẹ̀lú Àmín lásán! Mo jó yí ká pálọ̀. Màámi wà lórí àga, ó ń fi ọwọ́ lu itan fún mi. Orúnkún ń dùn ún, ó ní òun á máa jókòó wọ̀n ọ́n báyìí, pé ẹni tó bá tó àádọ́rin ọdún ti gba àyè láti jókòó. Mo ní ẹ jókòó, adájọ́ mi, adájọ́ kì í dúró.

Orin méjì. Ó di mẹ́sàn-án! Mẹ́ta péré ló kù, àti Orin Ògì tí a máa tún gbà nítorí àkùkọ. Kúáyà, ẹ wá gba ìlérí yín!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀kútọ́bà. Oǹdó

Inú ń bí mi.

Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà wálé. Mo ti ń dúró dè é láti ọjọ́ yìí wá, mo ti ń ro bí ojú rẹ̀ á ṣe rí. Mo tẹ bọ́tìnnì, Màámi gbé orin, ẹsẹ kejì kò tíì parí tí Ẹyẹ fi ṣí. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rí rèé o!" Ó tún ti ń fi fóònù ka ìṣẹ́jú. Ó ní kò yí padà. Bó ṣe pẹ́ tó lọ́jọ́ kìn-ín-ní náà ló pẹ́ lónìí, kò fi nǹkan kan yàtọ̀.

Mo ní fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó yá fóònù Ìyá Ìbùkún, a tún un ṣe. Bákan náà. Mo ní ó kàn fẹ́ ba ayọ̀ mi jẹ́ ni, pé láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ayọ̀ kọ́ ni òun ń wọ̀n. Pé Ẹyẹ dára, ó na Fèrèsé gidi, òun ti gbà — ṣùgbọ́n kò yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nǹkan mìíràn ló yí padà, òun ò sì mọ nǹkan náà. Mo ní kó máa bá físíìsì rẹ̀ lọ. Màámi ní kí a dákẹ́, pé ariwo wa ń mú òun láyà. Ó fọwọ́ lé àyà bó ṣe ń sọ ọ́.

Orin Ògì nìkan la rí gbà. Kò sí àkùkọ. Màámi ní ó rẹ òun.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀kútọ́bà. Àkúrẹ́

Mo fẹ́ mú èyí tó dára jù nínú Orin Ògì méjèèjì. Mo ṣí ti Sẹ̀tẹ́ńbà, mo ṣí ti àná sábẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ máa ń ya ohùn bí ọ̀já gbọọrọ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀já òkè tán. Ọ̀já ìsàlẹ̀ ń bá a lọ, ó ń bá a lọ, ó jáde kúrò lójú ẹ̀rọ.

Mo rò pé mo ṣi nǹkan tẹ̀. Ti Sẹ̀tẹ́ńbà ló ní àkùkọ àti èébú nínú, òun ló yẹ kó gùn jù.

Mo fi nǹkan bo etí, mo gbọ́ ọ. Orin kan náà, ẹsẹ mẹ́fà kan náà. Nínú ti òkè, Màámi ń kọ ìlà kan lọ láì mí. Nínú ti ìsàlẹ̀, ó ń mí láàárín ìlà. Ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Ó dúró ní ẹsẹ karùn-ún, mo gbọ́ bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, kó tó padà sínú orin. Mo wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. N ò gbọ́ ọ. Ẹsẹ ni mò ń kà.

Kì í ṣe Ẹyẹ ló ń yára, orin Màámi ló ń lọ́ra. Owú kọ́ ló ń jẹ Fèrèsé. Gáàsì kọ́ ló jó ògì. Yéè, Màámi.

Mo pe Bọ̀dá. Mo gbé fóònù sí ẹnu Arúgbó, mo jẹ́ kó gbọ́ méjèèjì. Kò béèrè ẹ̀rí. Ó ní òun ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ọ̀kútọ́bà. Oǹdó

Ọsibítù láti kùtùkùtù. Màámi dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó ní ara òun le, pé àwọn ọmọ òun ló ń ṣàìsàn. Dókítà fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀: inú rẹ̀ funfun bí bébà. Ó bi í kí ló ń lò. Màámi ní kò sí nǹkan kan, àfi oògùn orúnkún láti kẹ́mísì, láàárọ̀ àti lálẹ́, láti oṣù Kẹrin. Oògùn náà ti dá egbò síkùn rẹ̀, egbò náà ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ò sì lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí èémí rẹ̀ fi ń tán.

Dókítà bi wá bí a ṣe tètè mọ̀. Mo ní láptọ́ọ̀pù mi ló yára jù. Ó wo Bọ̀dá. Bọ̀dá ní òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀kútọ́bà

Ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà bá ti Màámi mu. Ó ti ń kán wọnú rẹ̀ láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó gba abẹ́rẹ́ míì, Màámi ní "Fún kí ni? Ẹ̀rí dà?" Nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Mo jáde síta lọ sunkún díẹ̀, mo padà wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ọ̀kútọ́bà. Oǹdó

Màámi ti dé ilé. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọrin fún ìgbà díẹ̀ ná. Mo tan Arúgbó nítorí pé Sátidé ni. Kò sẹ́ni tó kọrin. N ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Mo ní kí Màámi jẹ́ ká gbàgbé ti Ìkórè, màá lọ bẹ kúáyà, mẹ́sàn-án náà pọ̀. Ó bínú sí mi. Ó ní ta ló máa kọ mẹ́ta yòókù tí òun bá gbé e lọ? Pé òun gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà ní ọsibítù, òun mọ ibi tí òun ti ń kú lọ, òun sì ti yí padà. Mo ní Màámi ẹ jọ̀ọ́. Ó ní kí n lọ fọ ìkòkò ògì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Nòfẹ́ńbà. Oǹdó

Dókítà ní ó lè kọrin, kó má ṣe àṣejù. Orin méjì, ní ohùn ìsàlẹ̀, lórí àga. Ó di mọ́kànlá. N ò jẹ́ kó fi Orin Ògì wọ̀n nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí láti kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Nòfẹ́ńbà. Àkúrẹ́

Lawrence ti kó fláàṣì kúáyà jọ sínú báàgì. Ó ní òun máa tẹ̀ lé mi lọ lọ́la, òun ti ṣèlérí pé òun á bi Màámi léèrè. Mo fọ irun mi. Mo tún un fọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Nòfẹ́ńbà. Oǹdó

Ọ̀la ni Ìkórè. Kí n kọ èyí kí n tó sùn.

Nígbà tí èmi àti Lawrence dé, Bọ̀dá ti wà nílé, Màámi wà ní kíṣìnnì. Ó kí Lawrence, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó bi í ọmọ ta ni l'Ákúrẹ́, ó bi í ṣọ́ọ̀ṣì wo, ó ní kó jókòó. Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní Sátidé mélòó lòun ò ti ṣe iṣẹ́ adájọ́, kí n tan ẹ̀rọ. Mo ní Màámi, kò pọn dandan, a ti mọ̀ pé Ẹyẹ ló dára. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dìde dúró.

Ẹsẹ kìn-ín-ní. N ò wo Arúgbó, ẹnu Màámi ni mò ń wò. Ó kọ ìlà kan lọ láì mí. Ó kọ ìkejì lọ. Ẹsẹ kejì, ohùn náà gun òkè, ó mọ́ gaara, àkùkọ ìsàlẹ̀ dá sí i, kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ àkùkọ. Ẹsẹ kejì parí. Mo ń bẹ Ẹyẹ nínú ọkàn mi: jọ̀ọ́, má tíì ṣí, má tíì ṣí. Ẹsẹ kẹta. Ìlà kan. Ìlà méjì. Mo ti di ọwọ́ Lawrence mú, n ò mọ ìgbà tí mo dì í mú. Ó kọ ẹsẹ kẹta tán, ó gbé ìlà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kẹrin — ìgbà náà ni Ẹyẹ ṣí.

Ẹsẹ mẹ́ta àti ìlà kan! Kò lọ́ra tó báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti ní in! Mo pariwo, mo fò, lọ́tẹ̀ yìí ọwọ́ mi kan fáànù gidi. Bọ̀dá Ẹ̀rí-Dà ti ki fóònù rẹ̀ bọ àpò láì wò ó, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lawrence ní kí n má bínú, pé òun lè yẹ̀ ẹ́ wò kó lè padà yára. Mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ á jọ rìn dé ilé ẹjọ́.

Màámi ń bá orin lọ. Ó kọ ọ́ dé òpin, ó ṣe Àmín, ó yíjú sí mi pé ṣé ohun ìgbohùnsílẹ̀ ti ṣí tán, kí òun kọ ìkejìlá. Ó kọ ọ́ lórí ìdúró. Ó wà níbẹ̀ báyìí, méjèèjìlá ló wà níbẹ̀, Lawrence ń dà wọ́n sínú fláàṣì ní pálọ̀.

N ò rántí dán Fèrèsé wò. Mo jẹ ògì abọ́ méjì. Kò jóná.